Àfàlà, Ìyá Àjàyí, àti Àwọn Abiyamọ Onígbàgbọ́ ní Ahoyéyé

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́ ní agbègbè Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́, pé iṣẹ́ àlùfáà, ti katikíìsì àti ti olùkọ́ ni kíkọ́ ọmọ ní ìgbàgbọ́. Ìyá yóò wẹ ọmọ, yóò wọ aṣọ fún un, yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí ó mọ̀wé ni yóò ṣe ìyókù. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ abiyamọ léèrè ní Ahoyéyé, èsì wọn kò ní yàtọ̀: àwọn kò gbọ́ Faransé, àwọn kò lè ka Bíbélì, ṣé àwọn ni yóò wá kọ́ ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé? Lójú ẹni tí ó gbọ́ ọ, ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ní tòótọ́, àdánù ńlá ni, nítorí pé ohun tí ìyá bá fà sẹ́yìn níbẹ̀, kò sí àlùfáà tí ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìtàn kan wà nínú ìran Yorùbá tí ó yẹ kí gbogbo abiyamọ onígbàgbọ́ mọ̀ dáadáa. Kì í ṣe ìtàn obìnrin tí ó kàwé, kì í sì í ṣe ìtàn obìnrin tí ó lówó. Ìtàn Àfàlà ni, ìyá Àjàyí Crowther.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni Àfàlà bí Àjàyí ní Òṣoogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ní ọdún 1821, nígbà tí ogun ń tú ilẹ̀ Yorùbá ká, àwọn ológun ya wọ Òṣoogùn, wọ́n dáná sun ìlú náà, wọ́n sì fi okùn so ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ bí ẹran ọjà. Àfàlà wà nínú wọn pẹ̀lú Àjàyí àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín ẹrú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ya Àjàyí kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn ni wọ́n ń tà á títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró, níbi tí wọ́n ti dòmìnira. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kàwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther.

Àfàlà kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí. Lójú tirẹ̀, ọmọ ti lọ, ibi tí ó lọ kò ní orúkọ. Òun náà jẹ oko ẹrú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó rà á padà. Ní ọdún 1846, Crowther dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ìròyìn dé etí àwọn ẹbí rẹ̀, àti pé ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìyá tọ ọmọ wá. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Ìyá ń gbọ̀n, ọmọ kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n kàn ń wo ara wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, Àfàlà gba ìrìbọmi, ó sì wà lára àkọ́so ìjọ Abẹ́òkúta. Hánà ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, nítorí pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì nínú Ìwé Mímọ́. Ó wà láyé títí di ọdún 1883, lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti rí ọmọ rẹ̀ tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí nínú ìwàásù, ibi kan náà ni wọ́n sábà máa ń parí rẹ̀ sí: ọmọ ni ó mú ìgbàgbọ́ wá fún ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kejì tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Nígbà tí wọ́n já Àjàyí gbà, ó ti tó ọmọ ọdún méjìlá. Ọdún méjìlá ni Àfàlà àti àwọn ará ilé rẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń bá a wí, tí wọ́n ń pàlọ́ fún un, tí wọ́n ń kọ́ ọ bí a ti í kí àgbà àti bí a ti í bọ̀wọ̀ fún òtítọ́. Àwọn olówó ẹrú gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Èdè tí ó wà lẹ́nu rẹ̀, wọn kò rí i gbà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1844, ní Freetown, Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí ó wà ní Sàró. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Thomas King bẹ̀rẹ̀ sí tú Bíbélì, ìwé kan tẹ̀lé òmíràn, títí odindi Bíbélì fi wà ní èdè Yorùbá ní àárín àwọn ọdún 1880.

Ta ni ó kọ́ Crowther ní Yorùbá yẹn? Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní Sàró fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, Látìn àti Gíríìkì. Yorùbá, láti ẹnu Àfàlà àti agboolé Òṣoogùn ni ó ti wá. Obìnrin tí kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo, tí kò tíì gbọ́ orúkọ Jésù rí nígbà náà, ni ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún ìwé tí ó wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Bí ẹni tí kò tíì gbàgbọ́ bá lè fún ọmọ ní ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò ní ṣeé ṣe fún ìyá tí ó gbàgbọ́, tí ọmọ rẹ̀ sì ń sùn lórí ẹní rẹ̀ lálaalẹ́?

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí fún àwọn abiyamọ Ahoyéyé: èdè ilé kì í ṣe àbùkù nínú iṣẹ́ ìgbàgbọ́. Faransé jẹ́ irinṣẹ́ rere, ó sì yẹ kí ọmọ gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ àdúrà kankan àfi èyí tí ó há sórí ní ilé-ìwé lè bọ́ àdúrà náà sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ kakí rẹ̀ nígbà tí ó bá délé. Ohun tí ìyá bá sọ fún un ní èdè tí ó fi ń sunkún, tí ó fi ń lá àlá, ni kì í kúrò. Àdúrà kúkúrú kí a tó jẹun, ọpẹ́ ní òwúrọ̀ kí a tó gba ọ̀nà oko, ìtàn Jósẹ́fù tí a sọ nígbà tí a ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí: ìyá kankan kò nílò ìwé ẹ̀rí kí ó tó ṣe é.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé àwọn kò rọrùn, pé ọkọ kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú agboolé kan ṣoṣo ní agbègbè yìí, ènìyàn lè rí ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ọmọ Ìjọ Mímọ́ tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Tímótì. Gíríìkì ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ Yúnísì àti ìyá àgbà rẹ̀ Lóísì ni ó gbin ìgbàgbọ́ sí i lọ́kàn láti kékeré. Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa pé wọ́n bá bàbá ọmọ jà. Ìyá tí ó ń kọ́ ọmọ láti bú ẹ̀sìn bàbá ọkọ rẹ̀ kò tíì kọ́ ọ ní ìgbàgbọ́. Àfojúdi ni ó kọ́ ọ. Ìgboyà ni kí obìnrin máa gbàdúrà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ láìfi pamọ́, kí ó máa bọ̀wọ̀ fún ọkọ àti ìyá ọkọ, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sín mú un ṣíwọ́.

Ibi tí ìgboyà ti ṣòro jù kì í ṣe inú àdúrà rárá. Ibi tí owó àti ọmọ bá ti pàdé ni. Nígbà tí ọba Íjíbítì pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo ọmọkùnrin Hébérù, ìyá Mósè gbé tirẹ̀ pamọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ní ayé òde òní, kò sí ọba tí ó ń pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àlejò kan ni ó ń wá, ó wọ aṣọ tó dára, ó mú búrẹ́dì àti ọṣẹ dání, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọmọ kan, òun yóò fi í sí ilé-ìwé, tàbí kí ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bí, kí ó rántí ọdún 2003, nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ padà wálé láti àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún olówó ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta kan náà tí Àfàlà ti rí ọmọ rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! Ogun ni ó gba Àjàyí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò yẹ kí búrẹ́dì àti ìlérí gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá onígbàgbọ́ kankan.

Òfin ti wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 2006 lórí kíkó ọmọdé kiri àti fífi wọ́n ṣòwò. Ṣùgbọ́n òfin kì í sùn sí inú agboolé. Obìnrin tí ó lè dìde níwájú àwọn ẹbí, kí ó sọ pé, “Ọmọ mi kò lọ,” bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní aláìmoore, òun ni òfin náà ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn. Ìgbàgbọ́ onígboyà ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ó wuyì ju ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Irú ìgboyà kan náà ni a fi ń sọ fún ọmọkùnrin tí ó ti ń dàgbà pé kò gbọ́dọ̀ gun alùpùpù ru epo kpayo ní òru. Gbogbo ènìyàn ní ìhà ààlà mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sèmè-Kraké ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà tí iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí, tí ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n sì kú. Irú ìgboyà yẹn tún ni a fi ń kọ ẹ̀bùn. Bí ọmọ tí kò ní iṣẹ́ bá gbé aṣọ olówó iyebíye àti tẹlifóònù tuntun wá fún ìyá rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ìyá gbọ́dọ̀ bi í kí ó tó dúpẹ́: níbo ni o ti rí i? Àwọn tí wọ́n ń pè ní gayman kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ilé-ẹjọ́ CRIET ti rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ìyá, àwọn kan nínú àwọn ìyá náà sì ń jókòó sí iwájú nínú ilé ìjọsìn. Ìyá tí ó gba owó náà tí ó sì mú ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lọ fún Ọlọ́run ti kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀sìn kan. Kì í ṣe ẹ̀sìn Krístì.

Àmọ́ ṣá o, ìyá lè ṣe gbogbo èyí, kí ọmọ sì yà kúrò lójú ọ̀nà síbẹ̀. Ibí ni ìforítì ti ń bẹ̀rẹ̀. Móníkà, tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, láti Tagaste, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Àlùjíríà lónìí. Ọkọ rẹ̀, Patricius, kì í ṣe onígbàgbọ́ nígbà tí ó fẹ́ ẹ. Ó kù díẹ̀ kí ó kú ni ó tó gba ìrìbọmi. Ọmọ rẹ̀, Augustin, kàwé púpọ̀, ó sì fi ìgbàgbọ́ ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ní ọdún 383, ó parọ́ fún ìyá rẹ̀ ní Carthage, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní òru, ó sá lọ sí Róòmù. Móníkà tẹ̀ lé e kọjá òkun. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó fi ń gbàdúrà lórí ọmọ yìí kí ó tó di ọdún 387, nígbà tí Augustin gba ìrìbọmi ní Milan. Ní ọdún kan náà ni Móníkà kú ní Ostia, kí ó tó lè padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ó rí ìkórè. Kò rí i pẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bá ìlérí kan tí ó wọ́pọ̀ lónìí mu rárá, ìlérí pé bí ìyá bá san owó báyìí, tí ó bá gba àkànṣe àdúrà ọjọ́ méje, ọmọ yóò yí padà. Ọmọ kì í ṣe ọjà tí a ń ná lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá onígbàgbọ́ a máa ṣe ohun tí ó yẹ nítorí pé ó yẹ, yálà ó rí èso rẹ̀ ní kíákíá tàbí kò rí i. Ó sì tún yẹ kí a sọ ọ́ gbangba pé ìforítì kì í ṣe fífi ara fún ìyà. Àlùfáà tí ó ń sọ fún obìnrin pé kí ó fara da ọkọ tí ń lù ú, kí ọmọ baà lè rí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí ọmọ ń rí níbẹ̀ ni pé alágbára lè lu aláìlágbára kí ilé ìjọsìn sì dákẹ́.

Ó ku irinṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ abiyamọ Ahoyéyé kò tíì ní lọ́wọ́: ìwé kíkà. Òótọ́ ni pé Àfàlà kò kàwé, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí èdè rẹ̀ bí wà nílẹ̀ nísinsìnyí, ó sì burú kí ó wà nínú àpótí, kí a fi aṣọ àlà wé e, kí a máa gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, láìsí ẹni tí ó lè ṣí i kà. Susanna Wesley, ìyá John Wesley tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ wá, bí ọmọ mọ́kàndínlógún. Mẹ́wàá ni ó yè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà nínú ilé. Bí ọmọ bá ti pé ọdún márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, orí ìwé Jẹ́nẹ́sísì ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Ó ní òfin kan tí ó yẹ kí a gbé wá sí ilẹ̀ yìí: a kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ilé lé ọmọbìnrin lọ́wọ́ títí yóò fi mọ ìwé kà dáadáa. Ní alaalẹ́, ó tún máa ń ya àkókò sọ́tọ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì lè jọ sọ̀rọ̀ ọkàn. Ọjọ́bọ̀ ni ti John.

Kò sí ohun tí ó le nínú kíkọ́ àgbàlagbà tí ó ń sọ Yorùbá láti ka Yorùbá. Èdè náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àmì rẹ̀ nìkan ni ó kù. Obìnrin tí ó lè ka iye owó ọjà, tí ó mọ ìgbà tí a ń gbin àgbàdo àti ìgbà tí a ń kọ epo pupa, kò lè ṣaláìmọ lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bí ó bá rí ẹni kọ́ ọ. Ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ ni àkókò. Láti kùtùkùtù dé alẹ́, omi, igi ìdáná, oko, ọjà àti ọmọ ni ó ń pín ọjọ́ rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹrù yìí kò yẹ kí ó wà lórí ìyá nìkan. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Bàbá tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dára lè bá ìyàwó rẹ̀ tọ́jú ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí obìnrin náà lè jókòó níwájú pátákó ìkọ̀wé. Àwọn ìjọ tí ó wà láti Sakẹ́tẹ́ dé Ahoyéyé ní ilé, wọ́n ní àga, wọ́n sì ní àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé. Wákàtí kan lẹ́yìn ìsìn, fún ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Yorùbá, kò ní dín ìjọ kankan kù. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, tí ó máa ń dáwó ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá ní ọdọọdún, lè dáwó ra Bíbélì Yorùbá àti ìwé a-bí-dí ní ọdún kan ṣoṣo, kí wọ́n wo ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ní ọjọ́ tí obìnrin kan ní Ahoyéyé bá fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lójú ewé, tí ó kà á jáde fún ọmọ rẹ̀ láìsí alágbàkà, ohun tí wọ́n fi okùn já gbà ní Òṣoogùn ní ọdún 1821 yóò ti padà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Ọmọ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láti ẹnu ìyá rẹ̀, ní èdè ìyá rẹ̀. Bí ó bá wá lọ sí Kùtọnù, sí Èkó tàbí sí ìlú òyìnbó lọ́la, kò sí oníbodè tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.